Òsì Ló Ń Wà Lókè: Ìtàn Iṣẹ́ Mi Nídìí Kìmónò ní Jẹ́dà

Òkú ni wọ́n gbé dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ẹ má bi mí lẹ́ẹ̀mejì, òkú ni mo wí. Nínú ilé ìtajà ńlá kan ní Jẹ́dà níbí ni, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ bí ọyẹ́. Wọ́n gbé ọmọlangidi kan tó ga tó èèyàn kalẹ̀, wọ́n wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ oníláílọ́ọ̀nù fún un, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn láyà pé “kìmónò”, wọ́n wá fi apá ọ̀tún aṣọ náà bo apá òsì. Ní ilẹ̀ Jàpáànù, òkú nìkan ni wọ́n ń wọ aṣọ báyẹn fún. Alààyè, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin, ì báà ṣe ọba, apá òsì aṣọ rẹ̀ ló ń wà lókè.

Bàtà ni mo wá rà lọ́jọ́ náà. Mo gbàgbé bàtà. Mo wọlé, mo ní, “Ta ló wọ aṣọ yìí fún ọmọlangidi yín?”

Ọmọbìnrin kan yọjú láti ẹ̀yìn káńtà. Ta ni mo rí? Áìṣà, ọmọ ọmọ mi, tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin Ìsìláàmù ní yunifásítì ní Mẹ́kà, tó wá fi ọlidé ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn.

“Èmi ni, Sittí.” Sittí ni àwọn ọmọ tí a bí síbí máa ń pe ìyá àgbà.

“Ìwọ? Ìwọ tí wọ́n wẹ̀ nínú ilé tí mo ti ń rán kìmónò?”

“Kí ló ṣe é? Ohun tó lòde báyìí nìyẹn, gbogbo èèyàn ló ń rà á.” Lárúbáwá ló fi ń dá mi lóhùn, bó ṣe máa ń ṣe. Yorùbá ni mo fi ń bá a jà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú u, ó ní, “Hàláàsì, ó tó, Sittí. Aṣọ lásán ni.”

Aṣọ lásán! Ẹ gbà mí! Mo yí ẹ̀yìn padà, mo jáde, n kò sì pe ọmọ náà lórí fóònù fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Wọ́n ní mo le jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí ọ̀rọ̀ apá ọ̀tún àti apá òsì yìí, mo ti tẹ́ rí lójú gbogbo ayé. Nítorí rẹ̀ náà ni mo ṣe ṣe ìlérí kan fún ọ̀gá mi, tí díẹ̀ ló kù kí n má lè mú un ṣẹ. Ẹ̀yin ọmọ tó ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, ẹ fìdí kalẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní aṣọ lásán.

Rábíátù lorúkọ mi. Al-Sabeel ni mò ń gbé ní Jẹ́dà, wọ́n sì ń pè mí ní Àlàájà Alábẹ́rẹ́ ládùúgbò. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Bàbá mi ń hun òfì, ìyá mi ló ń to àwọn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà mọ́ra, tó ń fi abẹ́rẹ́ rán wọn pọ̀ di ìró. Láti kékeré ni mo ti ń bá ìyá mi to òfì. Nígbà tí ọkọ mi ríṣẹ́ oníná ní Jẹ́dà, tó gba ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú, mo tẹ̀ lé e wá. Mo ń bá àwọn ará ilé lẹ aṣọ ọmọ iléèwé, mo ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kúrú.

Ní ọjọ́ kan, mo sá ìró òfì mi sórí òrùlé. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan wá kí aládùúgbò mi, ó rí aṣọ náà, ó dúró. Kò wo ojú aṣọ náà rárá. Ó yí i sẹ́yìn, ó ń fi ìka tẹ ojú ìrán rẹ̀ lọ títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Ó béèrè ní Lárúbáwá pé, “Ta ló rán èyí?” Mo ní èmi ni. Ó ní, “Wá sílé mi lọ́la.” Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Ẹ má bi mí nípa owó iṣẹ́, ó tó jẹun, kò tó yangàn.

Màmá Sakínà ni obìnrin náà. Ọmọ Jàpáànù ni. Ó ti gba Ìsìláàmù kó tó fẹ́ oníṣòwò aṣọ kan, ará Jẹ́dà, tó máa ń lọ ra aṣọ jálàbíà wá láti ilẹ̀ wọn. Ẹ sì mọ̀ pé títí di òní, bí ọkùnrin ilẹ̀ yìí bá fẹ́ fi jálàbíà yangàn, á ní aṣọ Jàpáànù ni. Nígbà náà, àwọn ẹnjiníà Jàpáànù pọ̀ níbí, wọ́n kó ìyàwó àti ọmọ wọn wá. Bí kìmónò wọn bá ya, bó bá dọ̀tí, bí ọmọ bá dàgbà kọjá rẹ̀, ilé Màmá Sakínà ni wọ́n ń gbé e wá. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó ń wá ọwọ́ kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọ̀gá yín le, ẹ kò tíì rí ọ̀gá. Oṣù mẹ́ta gbáko, obìnrin yìí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan sílíkì. Aṣọ funfun olówùú ló gbé fún mi, ó ní kí n rán ìlà kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó gún. Mo rán an tán. Ó dijú, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ lọ, ó ní, “Tú u.” Mo tú u. Mo tún un rán. “Tú u.” Lórí orúnkún la máa ń jókòó, bí a ṣe ń jókòó láàrin ìforíkanlẹ̀ méjì nínú ìrun, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe rákà mélòó kan, láti òwúrọ̀ títí dé ìrun Àsárì ni. Bí mo bá na ẹsẹ̀, á fi ọ̀pá ìwọ̀n oparun rẹ̀ gbá mi ní orúnkún. Mo máa ń sunkún délé. Ọkọ mi ní kí n jáwọ́. Mo ní ó dìgbà tí obìnrin yẹn bá dẹ́kun “Tú u” kí n tó fi í sílẹ̀. Orí kunkun ló mú mi dúró, kì í ṣe ìfẹ́ iṣẹ́. Ìfẹ́ iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé lẹ́yìn.

Ó dé lọ́jọ́ tí Màmá kọ́kọ́ tú odindi kìmónò lójú mi. Aṣọ tí wọ́n fi ń rán an kò fẹ̀, kò tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Méjì gbọọrọ fún ara, méjì fún apá, méjì tẹ́ẹ́rẹ́ fún iwájú, àti ti ọrùn. Gbogbo rẹ̀ ló gún, kò sí ibi tí àlùmọ́gàjí ti gbọ́dọ̀ yí kọ́lọkọ̀lọ. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, wọn kì í gé e sọnù, inú ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ sí, kí ọmọ àti ọmọ ọmọ lè tú u bí ara wọn bá tóbi jù. Bó bá dọ̀tí gan-an, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀, wọ́n á tún un tò di aṣọ gbọọrọ kan bó ṣe wà lórí òfì, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì tún un rán. Mo pariwo pé, “Màmá, bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyí!” Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, “Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe mú ọ.”

Bí a bá ń rán aṣọ, á máa pìtàn. Ó ní kìmónò kò ní ìtumọ̀ kankan ju ohun wíwọ̀ lọ. Ó ní láyé àtijọ́, aṣọ abẹ́ ni irú èyí jẹ́ fún àwọn ọlọ́lá, tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀wù òkè ń dínkù, aṣọ abẹ́ bọ́ sóde, ó di ọ̀gá. Ọmọge ni apá aṣọ rẹ̀ máa ń gùn tó ń wọ́ nílẹ̀, bó bá relé ọkọ, wọ́n á dín in kù. Ti ọkùnrin kò ní àwọ̀ púpọ̀, wọ́n sì máa ń wọ ṣòkòtò fẹ̀ǹfẹ̀ lé e bí òde bá ṣe pàtàkì. Ìjọba wọn tilẹ̀ ti fòfin de àwọn oníṣòwò rí pé wọn kò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ aláràbarà. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n wọ aṣọ dúdú lóde, wọ́n wá ya òkè àti ẹyẹ àti ìgbì omi sí aṣọ inú, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i. Nígbà tí àwọn aláṣẹ wọn wá fẹ́ fara jọ Òyìnbó, àwọn ọkùnrin ló kọ́kọ́ bọ́ kìmónò sílẹ̀, wọ́n wọ kóòtù lọ sí ọ́fíìsì. Ta ló dì í mú? Obìnrin. Bí mo bá rántí gbogbo èyí, tí ẹnìkan wá sọ fún mi pé aṣọ lásán ni, ṣé kí n má bínú?

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti tẹ́.

Ohun gbogbo ni Màmá Sakínà kọ́ mi, àyàfi wíwọ aṣọ fún èèyàn. Ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Bí obìnrin kan bá wá wọ kìmónò, Màmá á dúró níwájú, èmi á dúró lẹ́yìn láti di ọ̀já gbàǹgbà tó ń wà níbàdí. Ẹ̀yìn ni mo mọ̀. N kò bojú wo iwájú rí.

Ọmọ ẹnjiníà kan wá pé ogún ọdún. Lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ ńlá ni, ọmọ ti di àgbà nìyẹn. Ìyá bàbá rẹ̀ fò wá láti Jàpáànù pẹ̀lú kìmónò tí òun gan-an wọ̀ nígbà tó wà ní ọmọge. A tú u, a fọ̀ ọ́, a tún un rán. Nígbà tí ọjọ́ pé, ibà dá Màmá dúbúlẹ̀. Ó ní, “Rábíátù, ìwọ lo rán an. Lọ wọ̀ ọ́ fún un.”

Mo lọ. Orí mi ti wú. Mo dúró níwájú ọmọ náà, mo mú apá aṣọ méjèèjì dání, ó wá kù kí n yan èwo ló máa bo èkejì. Ẹ̀yin èèyàn mi, èwo ni ẹ̀yin ìbá yàn? Ọ̀tún là ń fi jẹun. Ẹsẹ̀ ọ̀tún là ń fi wọ mọ́sálásí. Ọ̀tún là ń fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í sì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Mo ní ọmọ rere bí èyí, ọ̀tún ló tọ́ sí i. Mo fi ọ̀tún bo òsì, mo tẹ́ ẹ dáadáa, mo di ọ̀já, mo tún ṣe àdúà fún un. Ọmọ náà kò mọ̀, Jẹ́dà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà.

Ìyá àgbà wọlé. Ó wo ọmọ náà láyà. Igbe tí obìnrin yẹn ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ó jókòó pẹ̀ẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ bo ojú. Kò pẹ́ tó sin ọkọ rẹ̀, èmi ará Ìsẹ́yìn wá wọ aṣọ òkú fún ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ayọ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣàlàyé fún mi ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Àìmọ̀kan mọ̀kàn ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. A tú aṣọ náà, a tún un wọ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò wo ọmọ náà mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo rò pé Màmá Sakínà máa lé mi. Kò lé mi, kò tilẹ̀ bú mi. Ó dìde tibàtibà, ó lọ sílé àwọn ènìyàn náà, ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kanlẹ̀ níwájú ìyá àgbà, ó ní ẹ̀bi òun ni, òun kò kọ́ ọmọ iṣẹ́ òun dáadáa. Èyí dùn mí ju kó nà mí lọ.

Inú wá bí mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bi í pé, “Màmá, ta ló sọ òsì di ọ̀gá lé ọ̀tún lórí?”

Ó ní, “Fún òkú, wọ́n ń yí ohun gbogbo padà, kí ojú lè mọ ẹni tó ti lọ.”

“Àwa Mùsùlùmí ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Mo bi àwọn tó wẹ ìyá ọkọ mi. Tí wọ́n bá fẹ́ fi aṣọ ìgbẹ̀yìn di òkú, apá òsì ni wọ́n kọ́kọ́ ń bò mọ́ ọn, wọ́n á wá fi ọ̀tún lé e. Ọ̀tún ló ń wà lókè. Ṣé o rí i, Rábíátù? Lọ́jọ́ tí mo bá kú, lọ́dọ̀ àwọn bàbá mi àti lọ́dọ̀ Ọlọ́hun mi, aṣọ mi á ṣe déédéé.” Ó wá gbá mi lọ́wọ́ mú. “Mi ò bí ọmọ. Ìwọ tó wọ aṣọ òkú fún alààyè, ìwọ ni kí o wá pa aṣọ mi dé lọ́jọ́ náà. Má jẹ́ kí ó jẹ́ ọwọ́ àjèjì nìkan. Ṣèlérí.”

Mo ṣèlérí. Mo fi Ọlọ́hun búra.

Ọdún ń gorí ọdún. Irinṣẹ́ ń yí padà. Wọ́n gbé kìmónò olóhun-àtọwọ́dá dé, tí a lè jù sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Wọ́n gbé ọ̀já tí wọ́n ti dì sílẹ̀ dé, tó kàn ń lẹ̀ mọ́ra. Mo ra máṣíìnì, mo fi rán àwọn aṣọ àbáyà tí mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n n kò fi máṣíìnì kan kìmónò rí, nítorí ohun tí máṣíìnì bá rán kì í fẹ́ ṣe é tú. Àwọn ẹnjiníà ń padà sílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ Màmá kú, Màmá kó lọ sí Misfalah ní Mẹ́kà kó lè máa rìn lọ sí Haramu, mọ́sálásí ńlá ibẹ̀, wọ́n wó ilé ibẹ̀ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ó kó lọ sí Ar-Rusaifah ní Mẹ́kà náà. Ọwọ́ tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo fẹ̀yìn tì. Ọ̀pá oparun rẹ̀ wà nínú àpótí mi, ó fún mi kó tó lọ. N kò tíì rí ẹni tí màá fún.

Ìgbà yẹn ni àwọn ṣọ́ọ̀bù wá ń fi orúkọ kìmónò ta àbáyà tí kò ní bọ́tìnnì. Orúkọ tí èèyàn fi orúnkún jìyà fún! Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìjà èmi àti Áìṣà ṣẹlẹ̀, ó padà sí iléèwé, a kò sì bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Àsìkò Háàjì dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin tó ń tọ́jú Màmá Sakínà pè mí láti Mẹ́kà. Màmá ti kú lẹ́yìn ìrun Súbúhì. Wọ́n máa kírun sí i lára ní Haramu lẹ́yìn Súúrì, ìrun ọ̀sán, ọjọ́ náà gan-an.

Mo sáré wọ tákísì. Ẹkún kò jẹ́ kí n ronú. Níbi tí àwọn àṣíkárì, ìyẹn ọlọ́pàá wọn, ti ń yẹ ìwé wò lójú ọ̀nà Mẹ́kà, ọmọ àṣíkárì kan gba ìkámà mi, ó wò ó, ó ní, “Ìyá, Jẹ́dà ni wọ́n ti ṣe ìkámà yín. Ìwé àṣẹ dà?” Mo ní olóògbé ni mo fẹ́ lọ wẹ̀. Ó ní Ọlọ́hun á kẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n lásìkò yìí, ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ wọlé. Mo bínú, mo bẹ̀ ẹ́, mo tún bínú. Kò pariwo mọ́ mi, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Èmi tí mo ti ń gbé ilẹ̀ yìí láti ìgbà èwe mi, ta ni kò mọ̀ pé wọ́n máa ń ti ọ̀nà bí Háàjì bá dé? Ara mi ni inú ń bí mi sí jù. Awakọ̀ yí ọkọ̀ padà, ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ní kí n mu omi.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ní ní Mẹ́kà. Ẹni tí mo ń bá ṣe kèéta. Mo wo fóònù. Mo gbé ìgbéraga mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì. Mo pè é.

“Áìṣà, Màmá Sakínà ti kú. Wọ́n dá mi dúró lójú ọ̀nà. Mo ti ṣe ìlérí fún un.”

Kò bi mí ní ìbéèrè kan nípa ìjà. Ó ní, “Sittí, mo ti ń wọ bàtà.”

Ó pè mí padà láti ibi tí wọ́n ti ń wẹ òkú. Ó ní àwọn obìnrin tó ń wẹ òkú bi òun pé ta ni òun jẹ́ sí olóògbé. Mo ní, “Kí lo sọ?” Ó ní, “Mo ní ọmọ ọmọ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni mí. Wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n wọlé.” Mo ń gbọ́ omi tó ń dà. Mo ń gbọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe àdúà. Ó pẹ́ díẹ̀, ohùn rẹ̀ padà wá. “Sittí, ó ku aṣọ tó kẹ́yìn. Wọ́n ní kí n dì í. Apá wo ló ń wà lókè? Òsì ni, àbí? Òsì lẹ tìtorí ẹ̀ bínú sí mi.”

“Rárá, ọmọ mi. Alààyè ni òsì wà fún. Kọ́kọ́ fi òsì bò ó. Ó yá, ọ̀tún lé e. Fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, kó gún.”

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ yẹn, láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ bú u kó tó sọ ọ́.

“Mo ti pa á dé, Ìyá àgbà. Ó gún.”

Mo sunkún nínú tákísì yẹn bí ọmọ ọwọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń bi mí, iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́? Èyí tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ wá ọ̀gá tó máa sọ pé kí ẹ tú u. Ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́.

Nígbà tí Háàjì kásẹ̀ nílẹ̀, mo padà lọ sí ilé ìtajà yẹn láti ra bàtà tí mo gbàgbé. Mo ti ń múra ìjà bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ọmọlangidi náà ṣì dúró síbẹ̀, láílọ́ọ̀nù náà ṣì ni, inú sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo wá wò ó láyà. Òsì ló wà lókè.

Mo bi ọmọbìnrin tó ń tajà pé ta ló tún aṣọ yìí wọ̀ fún un. Ó ní, “Áìṣà tó bá wa ṣiṣẹ́ nígbà ọlidé ni. Ó wá láti Mẹ́kà lánàá, kò ra nǹkan kan, ó kàn tú aṣọ náà, ó tún un wọ̀. Ó ní alààyè ni.”

Mo délé, mo ṣí àpótí, mo mú ọ̀pá oparun náà jáde, mo nù ún, mo sì pe Áìṣà pé kó máa bọ̀.